Kóòtù, dírìlì àti ẹ̀wù aró nínú àpótí bàbá bàbá mi: ta ló lè sọ ọjọ́ orí wọn?

Ọmọ Òròkí:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Òṣogbo ni mo wà, ilé wa ò jìnnà sí Station Road. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ba òrùlé yàrá bàbá bàbá mi jẹ́, la bá ń kó ẹrù jáde. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti rí àpótí irin kan tó ti dípẹtà débi pé òòlù la fi ṣí i. Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, aṣọ ló tẹ̀ lé e.

Kóòtù kan wà níbẹ̀, búlúù tó ṣú, ó wúwo bí ẹni tó di òkúta sápò, ó sì ń yún èèyàn lára. Ṣòkòtò funfun kan wà tó nípọn dáadáa. Kò ní síìpù, bọ́tìnì ló wà níwájú rẹ̀, bọ́tìnì mẹ́fà mìíràn tún yí ìbàdí rẹ̀ ká tí mi ò mọ ohun tí wọ́n wà fún. Kọ́là mẹ́ta wà láìsí ṣẹ́ẹ̀tì kankan, kọ́là lásán! Méjì jẹ́ aṣọ, ọ̀kan ń dán bí ike. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ẹ̀wù ńlá kan wà tí wọ́n ká sínú àpò ìdọ̀họ. Ìyẹn dúdú bíi pé kò ní àwọ̀, àfi ìgbà tí mo gbé e sí oòrùn ni mo rí i pé aró ni, ó sì ní ilà tín-ín-tín-ín lára.

Iṣẹ́ réluwé ni bàbá náà ṣe, akọ̀wé ni níbi tí wọ́n ti ń kẹ́rù. Ìtàn tí a gbọ́ dàgbà ni pé ní 1910 ló rán kóòtù yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ṣì ń búra sí i. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ ọjọ́ orí aṣọ? Ṣé mo lè fọ̀ wọ́n? Ẹnì kan ní Ọjà Ọba ti ní òun máa ra kóòtù náà, mi ò tíì dá a lóhùn.

Ṣóòótọ́ni:
Kí a tó débi kóòtù, ọdún wo ni wọ́n bí bàbá náà?

Ọmọ Òròkí:
Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà tí wọ́n ń la ojú irin wọ Òṣogbo.

Ṣóòótọ́ni:
Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Jẹ́bà ní 1909, àárín méjèèjì ló gba Òṣogbo kọjá. Ọmọ tó ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀ nígbà yẹn ò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1910. Ṣé kóòtù iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni?

Ọmọ Òròkí:
Ẹ̀rín ń pa mí lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yẹn, mi ò ṣírò ẹ̀ rí.

Télọ̀ Àgbà:
Ẹ má fi bàbá onítọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Ọdún kì í dúró sójú kan lẹ́nu ẹbí.

Ọmọ mi, bọ́tìnì mẹ́fà yẹn, okùn èjìká ni wọ́n ń so mọ́ ọn, èyí tí àwa télọ̀ ń pè ní súsípẹ́ńdà. Wo ibi tí wọ́n wà: mẹ́rin níwájú, méjì lẹ́yìn. Àbí mo purọ́? Ṣòkòtò ìgbà yẹn kì í dúró sí ìbàdí bíi tiyín, ó máa ń gòkè dé ìdodo, ó lè kọjá rẹ̀ pàápàá, nítorí èjìká ló gbé e dúró. Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918 ni bẹ́líìtì wá ń gbajúmọ̀ láàárín ọkùnrin.

Ní ti síìpù, Gideon Sundback, ará Sweden tó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú èyí tí a ń lò báyìí ní 1917. Ó di àwọn ọdún 1930 kó tó wọ iwájú ṣòkòtò ọkùnrin. Nítorí náà, ṣòkòtò tí wọ́n rán síìpù sí látilẹ̀ kò lè jẹ́ ti 1910, ẹni yòówù kó búra. Àmọ́ ẹ má yí ọ̀rọ̀ yẹn sódì o! Àìsí síìpù ò ní kí aṣọ ti pẹ́. Èmi yìí ṣì ń fi bọ́tìnì síwájú ṣòkòtò fún àwọn àgbà oníbàárà mi ní 1974, nítorí wọn ò fẹ́ kí irin gé wọn níbi tí kò dáa.

Aṣọ tí wọ́n fi rán ṣòkòtò náà, dírìlì ni. Gbé e súnmọ́ ojú, wàá rí ilà tó dagun tẹ̀ lé ara wọn. Nínú tẹ́rù, òwú ìdábùú ń gba orí ọ̀kan, á gba abẹ́ ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ti dírìlì máa ń fo méjì tàbí mẹ́ta kó tó wọlẹ̀, tó bá sì kan ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á sún díẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdagun yẹn ti wá, òun náà ló ń jẹ́ kó nípọn tí kì í fi í ya bọ̀rọ̀. Kàkí, ọmọ bàbá kan náà ni. Èdè Úrdù ló ni orúkọ kàkí, ohun tó rí bí eruku ló túmọ̀ sí. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà ló kọ́kọ́ ń wọ̀ ọ́, ní àwọn ọdún 1840.

Ọmọ Òròkí:
Mẹ́rin níwájú, méjì lẹ́yìn ni lóòótọ́! Ẹ ṣé o, bàbá. Kọ́là wá ńkọ́?

Akóàkísàjọ (Leeds):
Mo gba orí èyí. Aṣọ àtijọ́ ni mò ń rà tí mo ń tà níbí.

Ọrùn ni ṣẹ́ẹ̀tì ti kọ́kọ́ ń dọ̀tí. Dípò kí wọ́n máa fọ odindi ṣẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, wọ́n dá ọrùn rẹ̀ rán lọ́tọ̀, ìyẹn nìkan ni wọ́n ń fọ̀. Wọ́n á fi sítáàṣì sí i títí á fi le bíi páálí, wọ́n á wá fi bọ́tìnì irin kékeré kan há a níwájú, òmíràn lẹ́yìn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin kan nílùú Troy ní Amẹ́ríkà, Hannah Montague, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1827, nígbà tí fífọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ sú u. Ẹ wá rò ó wò nínú ooru Òṣogbo: akọ̀wé lè pààrọ̀ kọ́là lọ́sàn-án kó sì dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì àná ló sì wà lábẹ́ kóòtù.

Èyí tó ń dán bí ike yẹn, ẹ fura sí i. Ó jọ celluloid. Wọ́n ṣe ìyẹn kí èèyàn má baà lo sítáàṣì rárá, èèyàn á kàn fi aṣọ tútù nù ún ni. Ṣùgbọ́n ó ń gba iná bíi pẹtiróòlù. Irú nǹkan yẹn náà ni wọ́n fi ṣe fíìmù sinimá àtijọ́ tó máa ń jó ilé. Káńfọ̀ wà lára èròjà rẹ̀. Fi àtàǹpàkò ra á títí á fi gbóná, kó o gbóòórùn ẹ̀.

Ọmọ Òròkí:
Mo ti ra á. Káńfọ̀ ni. Àbí ti inú àpótí ló lẹ̀ mọ́ ọn lára?

Akóàkísàjọ (Leeds):
Nù ún, gbé e síta di ọ̀la, tún ra á. Kí iná má dé itòsí ẹ̀ ṣáá.

Ní ti kóòtù: tó bá wúwo tó sì ní ilà dídagun bíi ti dírìlì, àmọ́ tó jẹ́ irun àgùntàn, serge nìyẹn, aṣọ akọ̀wé, ọlọ́pàá àti àwọn ará ọkọ̀ ojú omi. Aṣọ kóòtù ìgbà náà lè wọn áúnsì 16 tàbí 18 ní yáàdì kan. Èyí tí wọ́n ń rán fún yín nísinsìnyí kì í sábà ju 8 sí 10 lọ. Ilé tí kò ní ẹ̀rọ amúlégbóná ni wọ́n rán an fún, kì í ṣe Òṣogbo.

Ohun mẹ́ta ni kí o ṣe fún mi. Àkọ́kọ́, fi ìka méjì fún iwájú kóòtù náà, lábẹ́ àyà. Tó o bá rí i pé aṣọ ìta ń yọ̀ lọ́tọ̀, ti inú ń yọ̀ lọ́tọ̀, tí nǹkan kan tó le sì wà láàárín wọn tó ń ta pọ́ún, kánfáàsì tí wọ́n fi irun ẹṣin hun ni, ọwọ́ ni wọ́n sì fi rán an mọ́ ọn. Kóòtù òde òní, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Ìkejì, yọ fọ́nrán òwú kan ṣoṣo nínú ojú rírán, jìnnà sí kọ́là yẹn, kó o ṣáná sí i. Òwú pàǹpà á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á fúyẹ́. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jó, ohun dúdú tó kù á sì fọ́ lábẹ́ ìka. Tó bá yọ́ tó di kókó líle, ẹ gbàgbé 1910: ọdún 1938 ni wọ́n kéde nylon, 1941 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí polyester. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ inú kóòtù ṣì yín lọ́nà o. Ó lè máa dán bíi sẹ́dà kó sì jó bí ìwé, rayon nìyẹn, wọ́n sì ti ń tà á ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1905.

Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù. Yí àpò tó wà nínú, ní apá àyà, síta. Télọ̀ tó bá rán aṣọ mọ́ èèyàn lára máa ń rán aṣọ pélébé kan síbẹ̀, á fi yíńkì kọ orúkọ oníbàárà àti ọjọ́ sí i. Nínú aṣọ ni òótọ́ máa ń wà.

Ìyá Aláró:
Láti ìgbà tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, kóòtù, kóòtù, kóòtù. Ẹ̀wù tó wà nísàlẹ̀ àpótí ńkọ́? Àgbà wà nílẹ̀, ẹ ń kí ọmọdé.

Ọmọ mi, aṣọ tó dúdú títí tó fi dà bíi pé kò ní àwọ̀, tó wá ní ilà wẹ́wẹ́, ẹtù nìyẹn. Ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù ni wọ́n wò sọ ọ́ lórúkọ. Kì í ṣe aṣọ ni wọ́n rì sínú aró o, òwú ni. Wọ́n á rì í, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, títí tí kò fi ní lè mu mọ́, kí ó tó dé ọwọ́ ahunṣọ. Mo bá ìyá ìyá mi lẹ́nu ẹ̀. Ewé elú tútù ni wọ́n ń gún lódó, wọ́n á mọ ọ́n rogodo, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á sun igi, wọ́n á kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n á rọ omi lé e. Omi tó bá ń sẹ̀ jáde lábẹ́ ni wọ́n fi ń rẹ elú, á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Ìyá àgbà máa ń ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní "kò tíì jí." Òórùn rẹ̀ a máa lé ọmọ jáde nílé. Ṣùgbọ́n ìgbà tí o bá fa òwú jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé lo máa rí. Bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i lójú rẹ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa di aró. Mo ti rí i àìmọye ìgbà, mi ò tíì lè gbójú kúrò lára ẹ̀.

Òṣogbo tí ẹ̀ ń wò yìí, ìlú aró ni. Ṣebí ìtàn ìlú ni pé nígbà tí Tìmẹ́yìn àti Lárọ́ọ̀yè gé igi tó ya lu odò, ohùn tí wọ́n gbọ́ láti inú omi ni pé, "Ẹ̀yin oṣó inú igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán." Aláró ni Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀. Ọmọ Òròkí wá rí ẹtù, ó ní ó "ní ilà lára".

Dá mi lóhùn: ṣé funfun ni ilà yẹn ni, àbí ó pọ́n díẹ̀ bíi yangan tí wọ́n sun? Tó bá pọ́n, sányán ni wọ́n fi dá ilà sí i. Yí ẹ̀yìn aṣọ náà wò pẹ̀lú, kó o sọ bóyá òwú rẹ̀ rí bákan náà látòkè délẹ̀, àbí ibì kan nípọn, ibì kan tín-ín-rín.

Ọmọ Òròkí:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Ilà náà pọ́n. Òwú rẹ̀ ò dọ́gba rárá, ó ní kókó níbì kan, ó tín-ín-rín níbòmíràn. Mo rò pé àbùkù iṣẹ́ ni.

Ìyá Aláró:
Àbùkù kẹ̀! Ọwọ́ obìnrin ni wọ́n fi ran òwú náà lórí ìrànwú, ìyẹn ló fi rí bẹ́ẹ̀. Òwú ẹ̀rọ ìlú òyìnbó kì í ní kókó. Ilà tó pọ́n yẹn, inú ilé kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti mú un. Àwọn kòkòrò náà máa ń pọ̀ wọnú ilé kan ṣoṣo lórí igi. Wọ́n á sè é nínú omi eérú kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ tó tú, wọ́n á wá ran án bí òwú. Sányán, bàbá aṣọ.

Ṣóòótọ́ni:
Mà, ṣé òwú ọwọ́ wá jẹ́ ẹ̀rí pé aṣọ ti pẹ́? Wọ́n ṣì lè ran án ní àná.

Ìyá Aláró:
Wọ́n lè ran án ní àná, àmọ́ ta ló fẹ́ san owó rẹ̀? Ìwọ náà mọ iye wákàtí tó ń gbà?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì:
Ẹ jẹ́ kí n bu omi tútù sí i díẹ̀. Ojú lásán ò lè sọ bóyá elú ni wọ́n fi pa ẹ̀wù yẹn láró tàbí aró kẹ́míkà. Iléeṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá ní 1897, nǹkan tó sì ń mú un jẹ́ búlúù, ohun kan náà gan-an ni pẹ̀lú ti inú elú. Nígbà tó yá, aró àtọwọ́dá dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró wa, pẹ̀lú sódà tí wọ́n fi rọ́pò eérú. Ẹ rántí rògbòdìyàn tí wọ́n fà lé e lórí ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1930, tí Aláké fòfin dè é.

Ìyá Aláró:
Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ wá fi ọwọ́ pa aṣọ méjèèjì wò. Kí ni wọ́n fòfin dè é fún bí ohun kan náà bá ni?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì:
Sódà ni, mà. Tí ọwọ́ ẹni bá wúwo sí i, á jẹ òwú títí á fi máa já. Àti pé elú ní àwọn nǹkan mìíràn nínú tí wọ́n jọ ń wọ aṣọ, ìyẹn ló lè fa ohun tí ọwọ́ yín ń mọ̀. Mo gbà pé ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n ju ìwé mi lọ. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò? Rárá.

Ìyá Aláró:
Nínú fọ́tò, mo gbà.

Àbíkẹ́ Ẹdẹ:
Ẹ jọ̀wọ́, kí ó tó gbé nǹkan kan lọ fọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Àlàárì bàbá mi, pupa rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fi sányán dá ilà sí i. Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn afọṣọ kan nítorí ìsìnkú. Mo ní kí wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́, wọ́n ní "ẹ fọkàn balẹ̀". Lọ́jọ́ kẹta, pupa ti ṣàn wọ inú sányán, gbogbo ẹ̀ ti di àwọ̀ zóbò. Wọ́n tún fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Mo sunkún ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ tí bàbá kú, Ọlọ́run ò ní bi mí.

Akóàkísàjọ (Leeds):
Pẹ̀lẹ́ o. Àlàárì àtijọ́, òkèèrè ni sẹ́dà rẹ̀ ti ń wá: àwọn oníṣòwò ló ń kó o kọjá Sàhárà wá kí ọkọ̀ ojú omi tó gba òwò náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti pa á láró kó tó dé. Àwọ̀ pupa yẹn ò fẹ́ràn ọṣẹ.

Ṣóòótọ́ni:
Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń yin kóòtù, kí ló ń múnú yín dùn nínú ẹ̀? Aṣọ òtútù nínú ooru! Mojola Agbebi, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi nì, ti já èyí kalẹ̀ tipẹ́. David Brown Vincent ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ní 1894 ó jọ̀wọ́ orúkọ náà, ó sì pa kóòtù tì, agbádá ló ń wọ̀ káàkiri, àní dé ìlú òyìnbó. Ní Freetown, láti 1887 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ torí àtúnṣe ìwọṣọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, akọ̀wé Òṣogbo ṣì ń làágùn nínú serge.

Télọ̀ Àgbà:
Agbebi ní ìjọ tirẹ̀, kò ní ọ̀gá òyìnbó tó ń wo ọrùn rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó ń jẹun lábẹ́ ẹnì kan, ojú ẹni yẹn ló máa ń wọṣọ fún. Má gbàgbé pé ẹ̀wù ilẹ̀ wa ló wà nísàlẹ̀ àpótí kan náà. Ó ní méjèèjì, ó sì mọ ìgbà tí yóò wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Òròkí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù yẹn, ṣé ó là sílẹ̀ bíi ti agbádá ni, àbí wọ́n rán an pa, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá fẹ̀ bí agbòòrùn?

Ọmọ Òròkí:
Wọ́n rán an pa, bàbá. Ó fẹ̀ nísàlẹ̀ gan-an. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó gba gbogbo ojú ẹní. Mo ka ìlà aṣọ tí wọ́n so pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́rin, ọwọ́ ni wọ́n fi rán gbogbo ẹ̀ mọ́ra. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì wà láyà rẹ̀, àwọn ṣóńṣó gígùn kan bí ọ̀bẹ.

Télọ̀ Àgbà:
Mo dìde dúró níbi tí mo jókòó sí. Dàńdógó ni! Ṣóńṣó yẹn, ọ̀bẹ ni lóòótọ́, àwọn Haúsá tó ni iṣẹ́ náà ń pe èyí tó bá jẹ́ mẹ́jọ ní aska takwas. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́: dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá. Bí inú bá bí ọ lónìí, o lè ra tẹ́rù, kí o rán bùbá lọ́la. Dàńdógó ẹtù, àfi kí ẹnì kan ti ran òwú, kí ẹlòmíràn rẹ ẹ́, kí ahunṣọ jókòó tì í, kí alábẹ́rẹ́ wá gbà á. N ò rán ju ẹyọ kan lọ láyé mi, òwú ẹ̀rọ sì ni.

Akóàkísàjọ (Leeds):
Irú ẹ̀ wà ní British Museum níbí, nínú aṣọ tí Charles Beving kó jọ, ọkùnrin Manchester kan tó ń ta aṣọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìdílé rẹ̀ fún wọn ní 1934. Aṣọ wa ló ń kó jọ láti wo ọnà tí àwọn ẹ̀rọ Manchester lè tẹ̀ tà fún wa. Àpò kóòtù ńkọ́? Mi ò tíì sùn tán nítorí àpò yẹn.

Ọmọ Òròkí:
Mo fẹ́ sọ ọ́, ojú ló ń tì mí.

Fọ́nrán òwú kóòtù náà rùn bí irun orí tó jó. Àyà rẹ̀ ní ohun kan tó le tó ń ta pọ́ún. Mo wá yí àpò inú síta. Aṣọ pélébé kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, etí rẹ̀ ti jẹ, wọ́n sì fi yíńkì kọ̀wé sí i: 14.9.26. Orúkọ tó wà lókè ọjọ́ náà, orúkọ òyìnbó ni. Kì í ṣe ti bàbá wa. Mo tún wo ọwọ́ kóòtù: wọ́n ká a sínú tó íǹṣì méjì, wọ́n sì fi òwú dúdú rán an lọ́wọ́, ìyókù ara kóòtù jẹ́ òwú búlúù, ẹ̀rọ sì ni.

Ṣóòótọ́ni:
Òkìríkà!!!

Télọ̀ Àgbà:
Pa ẹnu mọ́. Òyìnbó tó bá ń padà sílé a máa ta ẹrù rẹ̀ ní gbànjo, ó sì lè fún akọ̀wé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1926, bàbá yìí ti tó ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, télọ̀ kan níbí ló gé ọwọ́ rẹ̀ fún un, bóyá ọ̀gá ọ̀gá mi pàápàá. Wo bí wọ́n ṣe rán an, ṣé abẹ́rẹ́ náà hàn síta?

Ọmọ Òròkí:
Kò hàn rárá, bàbá. Inú nìkan ni mo ti rí i.

Télọ̀ Àgbà:
Ẹ rí i? Iṣẹ́ ìlú wa nìyẹn.

Ọmọ Òròkí:
Mo gbé méjèèjì lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi lánàá. Mo rò pé wọ́n á bínú nípa orúkọ yẹn. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mo rí kóòtù yẹn lọ́rùn rẹ̀ rí?" Mo ní ẹ̀yin náà lẹ̀ ń búra! Wọ́n ní ohun tí àwọn bá lẹ́nu àgbà ni àwọn ń sọ. Wọ́n wá fa ẹ̀wù náà mọ́ra, wọ́n tú etí ọrùn rẹ̀ wò, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n ní ìyá bàbá wa ló ran òwú rẹ̀, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ní ó fi ń ran án díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọjà, kí ọmọ rẹ̀ tó fẹ́yàwó. Ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun àti ọjọ́ Iléyá nìkan ni wọ́n máa ń rí i lọ́rùn rẹ̀. Láyé mi, mi ò gbọ́ ọ rí. Kóòtù òyìnbó la fi ń yangàn.

Ojú rírán kan ti tú lábẹ́ apá ọ̀tún, ìlà aṣọ méjì fẹ́ já kúrò lára wọn. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Aláró:
Má fọ̀ ọ́. Má lọ̀ ọ́. Má kó o sínú ọ̀rá, kò ní lè mí. Kóòtù ni kòkòrò máa ń jẹ nítorí irun ni, tì í sọ́tọ̀. Fi tẹ́rù funfun tó mọ́ wé ẹ̀wù náà, ká a lọ́nà mìíràn yàtọ̀ sí bí o ṣe bá a, kí ojú ìká má baà já. Aró rẹ̀ á máa kun ọ lọ́wọ́ díẹ̀, má jáyà. Gbé e wá fún mi lọ́jọ́bọ̀. Mo ní òwú ọwọ́ tó kù nínú èyí tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀, kò ju ìdì kan lọ.

Télọ̀ Àgbà:
Emi náà á wá. Ẹ jẹ́ kí n rí i kí ẹ tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Kó o mú ṣòkòtò dírìlì yẹn dání, mo fẹ́ gba ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ sórí ìwé.

Akóàkísàjọ (Leeds):
Kóòtù ńkọ́? Mo lè san ju ará Ọjà Ọba lọ.

Ọmọ Òròkí:
Ó tún pè mí láàárọ̀ yìí. Mo ní kóòtù wà nílẹ̀, kó wá ká sọ̀rọ̀ owó. Ó ní "ẹ̀wù ńlá tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ńkọ́?" Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Mo ní ẹ̀wù wo?